Orúkọ Tí Mo Sọ Aṣọ Pupa

Wọ́n ní ká máa dárí ji ènìyàn. Mo gbọ́. Èmi náà máa dárí ji ọkọ obìnrin kan, àmọ́ kò tíì yá.

Obìnrin tí mò ń sọ yìí, òyìnbó ni, ará Rọ́ṣíà. Láyé ìjọba Sófíẹ̀tì, òṣèré fíìmù ni lọ́hùn-ún. Ó ṣe nọ́ọ̀sì ojú ogun, ó wa katakata, ó kú sínú òjò dídì nínú fíìmù kan. Ó ní iyọ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀ fún un bí òjò dídì. Ará Niamey wa níbí kan tó lọ kàwé lọ́hùn-ún ló fẹ́ ẹ wálé. Ọkọ ní ìyàwó òun kì í ṣe fíìmù, obìnrin náà sì pa iṣẹ́ tì. Láti kékeré mi ló ti ń wá jókòó ní ìsọ̀ aṣọ ìyá mi ní àdúgbò Kalley, títí ìsọ̀ fi di tèmi. Yóò dìde láàárín òkìtì aṣọ, yóò ṣeré fún wa, yóò sunkún gidi, yóò tún bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rí fíìmù rẹ̀ kankan nínú wa. Álúbọ́ọ̀mù fọ́tò kan ṣoṣo ni ẹ̀rí tó ní.

Lọ́dún tó kọjá, ọkọ fẹ́ mú ọmọdébìnrin kan wọlé. Àwọn àna tuntun ò fẹ́ gbọ́ pé ìyáálé ọmọ wọn ti dì mọ́ ọkùnrin nínú fọ́tò rí. Baba náà, ọkọ rẹ̀, gbé álúbọ́ọ̀mù sí àárín àgbàlá, ó da kẹrosíìnì sí i, ó sun ún lọ́sàn-án gangan.

"Ọmọ mi, ó ti parí," obìnrin náà wí fún mi. "Bí mo bá ní mo ṣe fíìmù rí báyìí, irọ́ ni mò ń pa."

Inú bí mi gan-an.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni aṣọ tuntun dé láti Kọ̀tọnú, pupa fòò, àwòrán àpótí kéékèèké lára rẹ̀. Aṣọ tí kò lórúkọ kì í yá tà, àwa tá à ń tà á la sì ń sọ ọ́ lórúkọ. Oníbàárà àkọ́kọ́ bi mí pé kí ni wọ́n ń pè é. Haúsá ni mo fi dá a lóhùn, kí gbogbo ọjà lè gbọ́: "Ya ƙone hoto." Ó sun fọ́tò. Mo fún un ní àga, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo mọ ẹni tí mo yàn. Ẹnu rẹ̀ ju rédíò lọ.

Kó tó di Jímọ̀ kejì, wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ láti àdúgbò Lazaret títí dé àdúgbò Dar es Salam, ní Niamey níbí. Baba náà rán àwọn àgbà sí mi pé kí n yí orúkọ padà. Mo ní kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Nígbà tó kan ẹrù ìyàwó, ìyàwó kékeré ní aṣọ yẹn lòun fẹ́. Aṣọ tó lòde lọmọdé mọ̀. Baba ò rẹ́ni rán. Ó wá fúnra rẹ̀, ìyáálé sì wà lórí àga lẹ́yìn mi.

"Alàájì, ẹ káàbọ̀. Èwo lẹ fẹ́?"

"Èyí pupa yẹn."

"Pupa pọ̀ níbí, bàbá. Kí ni ìyàwó yín pè é?"

Ó wolẹ̀. "Ya ƙone hoto."

"Mi ò gbọ́ o."

Ó tún un sọ. Àwọn oníbàárà yíjú. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Obìnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Fọ́tò ta ni?" ó bi í.

Ó gbójú sókè wò ó.

"Fọ́tò ìyàwó mi," ó ní, "ìgbà tó ń ṣe fíìmù."