Ọwọ́ Tó Da Omi Àkọ́kọ́

Ṣìììì! Èéfín funfun ti bo iwájú lọ́rì náà kó tó dúró tán. Ọlọ́kọ̀ fò bọ́ sílẹ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

“Omi tún ti tán!” ló ń pariwo. “Ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, omi tún ti tán nínú ẹ̀! Ta ló da omi àkọ́kọ́ sí i gan-an?”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo wọ aṣọ iléèwé, mo ń lá súìtì, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹjọ́ ti dé.

Pápá Àjàó là ń gbé nígbà náà. Ìyá mi ń ta omi inú ọ̀rá níwájú ilé, ilé wa sì kọjú sí ọgbà mẹkáníìkì kan tí ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ àdúrà ara rẹ̀. Òòlù ń dún láti àárọ̀, òórùn dísẹ̀lì ń bá wa mu ẹ̀kọ. Èmi náà ò ṣeé gbé sójú kan. Ìyá mi máa ń sọ pé èèrà ló ń gbé ìdí mi, torí bí mo bá jókòó báyìí, wọn á tún rí mi nínú ọgbà lódìkejì.

Bàbá àgbàlagbà kan ló ni ọgbà náà. “Bàbá” lásán la máa ń pè é, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Ọ̀gá. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, èékánná rẹ̀ dúdú, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Lọ́rì ńlá nìkan ló ń tún ṣe. Ó wá ní àṣà kan tí mi ò rí lọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn rí: bó bá tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, tó tò ó padà, kò ní jẹ́ kí àgbàlagbà da omi àkọ́kọ́ sí i. Ọmọdé ni yóò dà á. “Ọmọdé ò ní ìlara lọ́wọ́,” ló máa ń wí.

Èmi ni ọmọdé náà. “Olómi, wá o!” Háà, kí n gbọ́ ìyẹn! Wọ́n á gbé mi dúró sórí bọ́ńpà, màá máa da omi sínú rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀, Bàbá á máa ṣàdúrà pé bí omi ṣe tutù kí ọ̀nà ọlọ́kọ̀ tutù, gbogbo ọgbà á ṣàmín. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju ọdún lọ.

Omi tí mo dà sínú lọ́rì yìí ló ń tán. Bó bá jáde lọ gbé pákó, kò ní tíì jìnnà tí yóò fi gbóná, tí wọ́n á wo rédíétọ̀, tí wọ́n á rí i pé omi ti lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ sì gbẹ táútáú. Ẹ̀ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí.

“Ẹ wò ó, Bàbá,” ọlọ́kọ̀ ní, “mi ò bá yín jà. Ọwọ́ ọmọ yìí ni ò dáa.”

Ìyá mi gbọ́ ọ láti òdìkejì. “Ẹnu ẹ ni ò dáa! Kí ló kan ọwọ́ ọmọ mi nínú ẹ́ńjìnnì ẹ?”

Bàbá ti sún mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ó dẹ etí sí i bó ṣe ń rú èéfín, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó tutù. Ọlọ́kọ̀ ò lè jókòó. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ní kí wọ́n fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀, pé ẹ̀gbọ́n òun ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tó ń jò sì dí.

“Ṣé ẹ́ńjìnnì ló fẹ́ jẹ ẹyin ni?” Bàbá bi í. “Yóò dí ibi tó ń jò, yóò sì dí ibi tí kò yẹ kó dí. Ẹ lọ jókòó.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́, kò ṣeé kó mọ́. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹnu ọ̀nà ọgbà tó ń ta búrẹ́dì. Láràárọ̀ ló máa ń pè mí kí n wá fọwọ́ kan ọjà òun kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà, pé ọwọ́ mi ń mú oníbàárà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá bo búrẹ́dì rẹ̀ títí mo fi kọjá. Ó dùn mí o! Nígbà tí mo dé láti iléèwé, mo jókòó sídìí bókẹ́ẹ̀tì, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi títí tó fi ń ta mí. Mo rò pé ohun tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀ lè ṣí kúrò.

Bàbá rí mi láti òdìkejì.  Òun náà ò fararọ láti àná. Ó ti yẹ ọ́ìlì wò. Kò dà bíi tíì oníwàrà, èyí tó fi hàn pé omi ò wọ inú rẹ̀. Ó ti fọwọ́ tẹ gbogbo rọ́bà, ó ti fún gbogbo kílíìpù le. Á dìde, á jókòó, á mú tẹ̀súbáà, á tún gbé e sílẹ̀. Ọlọ́kọ̀ sì dúró tì í, ó ń mí fùù bíi màlúù.

Lójijì Bàbá pe ìyá mi. “Ìyá Olómi! Ṣé pàúdà ọmọ wà nílé yín?”

Àbúrò mi ṣì kéré, pàúdà pọ̀ nílé wa. Mo sáré gbé e wá. Mo fẹ́ gbé e lé e lọ́wọ́, ó mi orí. “Ìwọ ni yóò fọ́n ọn.”

“Háà! Bàbá!” ọlọ́kọ̀ ní. “Ẹ tún fẹ́ kó fọwọ́ kàn án?”

“Ọkọ̀ yín ni. Ọgbà mi ni.”

Wọ́n gbé mi sókè.  Mo fọ́n pàúdà náà sí gbogbo ara ẹ́ńjìnnì, ó funfun tán, ó wá ń ta sánsán bí ọmọ tuntun láàárín òórùn dísẹ̀lì yẹn. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì náà. Fáànù fẹ́ pàúdà lu ọlọ́kọ̀ lójú, irunmú rẹ̀ funfun, ó sín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ń wo ara irin náà bó ṣe ń gbóná.

Ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì pátápátá, lábẹ́ sítátà, ìlà tútù kan yọ nínú funfun náà, bí ibi tí ìgbín gbà kọjá.

“Ẹ pa á,” Bàbá ní.

Nígbà tó tutù, wọ́n tú sítátà kúrò. Bàbá dùbúlẹ̀ sórí páálí, ó ki ọwọ́ wọlé. Àwọn ìdérí irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà lára ẹ́ńjìnnì tó ń dí ojú ihò omi, òun fúnra rẹ̀ ló sì ti fi òòlù lu àwọn tuntun wọlé. Èyí tó wà níbẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì yọ síta díẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, kò ní jò. Bó bá gbóná, omi á máa yọ́ jáde, irin á sì fà á gbẹ kó tó kan ilẹ̀.

Ó pẹ́ lábẹ́ ibẹ̀. Nígbà tó jáde, kò wo ojú ẹnì kankan. Ó lè dákẹ́. Ó lè ní ìdérí náà ni ò dáa, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde, ó rìn láti ìdí lọ́rì lọ sí ẹnu ọ̀nà ọgbà, níbi tí ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì ti lè gbọ́ ọ. Bàbá tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó pariwo.

“Ẹ gbọ́ o! Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ mi ni! Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń lu ìdérí yẹn wọlé, mo ti gbọ́ ìpè ìrun, mo ní màá padà wá wò ó. Mi ò padà wá wò ó. Ọlọ́run ò kán mi lójú, èmi ni mo kánjú. Ọmọ yìí da omi síbi tí mo ní kó dà á sí.”

Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ orí ba. Ọlọ́kọ̀ họ irun. “Bàbá, ẹ má bínú.”

“Ọmọ ni kẹ́ ẹ bẹ̀.”

Ọkùnrin gìrìwò yẹn bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, pàúdà ṣì wà nínú irunmú rẹ̀. “Olómi, jọ̀ọ́, má bínú.” Nígbà tí wọ́n fi ìdérí mìíràn sí i, èmi náà ni mo da omi. Kò jò mọ́. Ẹ̀gbọ́n oníbúrẹ́dì sì pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Bàbá ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ilé alájà ló wà níbi ọgbà rẹ̀ báyìí. Èmi ń ránṣọ ní Sùúrùlérè, àwọn ọmọbìnrin ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, èèrà yẹn ò sì tíì kúrò ní ìdí mi. Láìpẹ́ yìí, oníbàárà kan dé pẹ̀lú léèsì tí wọ́n gé kúrú. Ó ń pariwo, gbogbo ojú ṣọ́ọ̀bù sì yí sọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́ mi tó kéré jù, òun ló gé e. Ọmọ náà ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Èmi ni mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tó gé, mo fà á nígbà tí mo ń sáré jáde.

 Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, mo rìn láti ìdí tábìlì lọ bá oníbàárà náà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó lè sọ pé ọwọ́ mi ni. Ṣọ́ọ̀bù mi kò tóbi rárá. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ bí ọ̀nà tí Bàbá rìn nítorí mi ṣe jìn tó.