Gbólóhùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bá kọ gbólóhùn kan tán, á kà á fún ìyá wa ní ìlú wa, Ùsì. Ó ń kọ ìtọ́ni lórí bí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ṣe máa dá ètò kọ̀ǹpútà dúró láti wá àṣìṣe inú rẹ̀. “Má tíì tún un ṣe, kọ́kọ́ wò ó,” ló sábà ń kọ.

Màmá á ní, “Ọmọ mi, uṣẹ́ rẹ yé mi.”

Àìsàn pa ẹ̀gbọ́n mi kí iṣẹ́ náà tó parí. Mo bá a parí rẹ̀, mo sì kà á fún Màmá. Nígbà tí mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ibí ni ọmọ mi dákẹ́ sí,” ó ní.

Mi ò lè ka èyí tó kù.