Ẹsẹ̀ Tó Gbàgbé Ilẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni bàbá kan fi pín lẹ́tà láti ojúlé dé ojúlé. Òjò kì í dá a dúró, oòrùn kì í ká a mọ́lé. Nígbà tí wọ́n wá fi í ṣe ọ̀gá ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó gba àga tó ní táyà, ó sì jókòó sí i bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn. Ní ọdún kẹta, àtọ̀gbẹ dé. Ẹsẹ̀ ń ta á bí ìgbà tí èèrà ń jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, kò ta á mọ́, ó ní ara òun ti yá.

Àfi ìgbà tó tibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí ìyàwó rẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ títí.

"Bàbá wọn, sálúbàtà yín kejì dà?"

Ó wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ wà ní ìhòòhò, eruku ti bò ó. Ìyàwó bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì mú fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde.

"Ẹ dijú, Bàbá. Tó bá ti kàn yín lẹ́sẹ̀, ẹ wí."

Ó dijú, ó dúró, ó dúró. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ o, mo ti ṣetán."

"Mo ti tẹ ibi mẹ́wàá. Mo ti parí, Bàbá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló ń ba iṣan tí ara fi ń mọ nǹkan jẹ́. Ẹ má fi oògùn yín ṣeré, kí ẹ sì máa rìn dáadáa. Ara tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa lo ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa dé ibi tó yẹ."

"Ẹsẹ̀ tí kò mọ ilẹ̀ yìí ni kí n fi rìn?"

"Òun náà ni. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò lójoojúmọ́."

"Ìrìn ṣá? Iṣẹ́ mi àtijọ́ nìyẹn!"

Lọ́jọ́ kejì, ó gba àpò lẹ́tà òpópónà márùn-ún lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé ọ̀gá fẹ́ ṣọ́ àwọn ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ń rìn bí ẹni tó ń tẹ òwú, ọwọ́ rẹ̀ lára ògiri. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, ó ti fi ògiri sílẹ̀. Nílé, ìyàwó á mú dígí, á yẹ àárín ọmọ ìka wò: "Ẹ gbé e sókè jàre, ẹ má jẹ́ kí ọrùn wọ́ mi!"

Ní oṣù kẹfà, fọ́nrán tún jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bàbá pariwo pé, "Ó kàn mí!" Àtàǹpàkò kò sọ nǹkan kan.

"Mi ò lè ṣèlérí pé gbogbo rẹ̀ á padà," nọ́ọ̀sì sọ, "ṣùgbọ́n ṣúgà yín ti wálẹ̀, ìrìn yín sì ti dúró ṣinṣin."

"Mẹ́rin nínú mẹ́wàá! Ní ilé ìwé, wọ́n á ní mo fìdí rẹmi. Níbí, mo gbégbá orókè."

Ìyàwó rẹ̀ tó sìn ín wá ní kí àwọn wọ ọkọ̀ lọ sílé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ọkọ rẹ̀ ti dé ẹnu géètì.