Òdòdó Aláwọ̀ Aró Orí Òkè Bódìjà

Òórùn imí eṣú ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, òórùn ewé náà á sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Bódìjà, á gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò tíì kọ́lé síbẹ̀ nígbà náà. Koríko ló kún ibẹ̀, òdòdó sì pọ̀ láàárín koríko.

Màmá mi ló kọ́ mi lórúkọ wọn: yúnyún tó pọ́n bí ìyeyè, patọ́nmọ́ tó ń ká ewé rẹ̀ kò béèyàn bá fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní, "Ohun téèyàn bá mọ orúkọ rẹ̀ kì í ṣe àjèjì síni mọ́."

Mo wà ní praimárì kẹrin nígbà tí Màmá ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì sí Sáúdì, tí wọ́n sì lọ, wọ́n ní ọdún méjì péré ni. Ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ló ń lọ nígbà náà, torí owó tó wà níbẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n bí. Bí mo bá ti iléèwé dé, Dádì ò tíì ní í ti ọ́fíìsì wọn ní Dùgbẹ̀ dé, ilé á pa lọ́lọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣeré níta, ṣùgbọ́n wọ́n á bi mí ìgbà tí màmá mi ń bọ̀. Òkè ni mo máa ń gùn lọ, tí màá máa pe àwọn òdòdó lórúkọ.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo rí ọ̀kan tí n kò mọ̀. Ó kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró. Mo já a, mo fi í sínú ife omi. Kó tó di ọ̀sán, ó ti rọ jọ. Ibi tí mo ti ń sunkún ni Dádì bá mi.

"Kí ló dé?"

"Mi ò mọ orúkọ ẹ̀, Màmá ò sì sí nílé."

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Dádì ní kí n mú àwọn lọ síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo irú òdòdó náà mìíràn tó hù níbẹ̀ títí.

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà, wọ́n rọra ní, "Ilé yẹn ti tóbi jù fún àwa méjì, àbí?"

Ṣawerepèpè ti lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò wọn, mo jókòó sílẹ̀, mo ń ṣà á kúrò. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ni àárò Màmá ń sọ.

Ọdún méjì tí Màmá dá di ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti wọ yunifásítì kí wọ́n tó padà dé, ilé alágéètì sì ti gba gbogbo orí òkè.

Mo ti dàgbà báyìí ju bí Màmá ṣe wà nígbà tí wọ́n lọ. Mo mọ ohun tó lé wọn lọ, n kò bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ṣì ń bínú díẹ̀ nínú mi, n kò sì tíì rí ohun tí màá sọ fún un.