Píjò Ràímì Ń Hó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí atẹ́gùn òkun ṣe ń jẹ irin, kó wá sí Ìwòrò. Ìṣó tí o bá kàn mọ́gi láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti di ìtàn. Ẹnì kan ra kẹ̀kẹ́ tuntun lọ́jà Agbalátà, ó gùn ún délé, agogo nìkan ló bá a wọlé.

Ìdí nìyẹn tí Ràímì, ọ̀gá aláṣọ, fi ń ṣọ́ mọ́tò Píjò rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ àbíkú. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí omi ló rà á, nígbà tí ẹni tí kò ní ju adìyẹ kan lọ pàápàá ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta mọ́tò. Owó epo gbẹ. Mọ́tò àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dógùn-ún tán lábẹ́ igi àgbọn, adìyẹ ń yé sínú wọn. Ti Ràímì ń dán. Bó bá ti kírun àsùbáà tán, yóò bu òróró àgbọn sínú àwo, yóò ki àkísà bọ̀ ọ́, yóò sì fi pa gbogbo irin mọ́tò náà, títí kan èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ara Píjò dán ju ara ìyàwó rẹ̀ lọ. Suwebat, ìyàwó náà, ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Suwebat tún lóyún. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé Àmínátù, àkọ́bí wọn, jáde, díẹ̀ ló sì kù kí ìyá má bọ̀ wálé. Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ti kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ dúró de ìrọbí nílé: bó bá di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tí oyún náà bá pé, kó ti wà ní ọsibítù l'Ékòó. Ràímì sì ti fọ́nnu níwájú àna rẹ̀ pé mọ́tò òun ni yóò gbé e, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Píjò hó. Ó ń ti ọjà bọ̀ ni. Èéfín tó tú jáde pọ̀ débi pé àwọn apẹja Gbẹ̀rẹ̀fù lódìkejì omi rò pé wọ́n ń yan ẹja láìpe àwọn.

Ràímì fà á délé, ó bọ́ ẹ̀wù, ó dojú kọ ọ́. Omi kún inú radiétọ̀ tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù. Kò sí ibi tó ń jò. Bẹ́líìtì le dáadáa. Ó tan án, ó tún hó. Ó ránṣẹ́ pe Dosu mẹkáníìkì. Dosu yọ irin kékeré kan tó ń dá omi dúró nínú ẹ́ńjìnnì, ó ní àwọn òyìnbó nìkan ló wúlò fún, nítorí òtútù ìlú wọn. Píjò hó. Dosu lọ tú pọ́ǹpù omi lára ọ̀kan nínú àwọn òkú mọ́tò abẹ́ igi àgbọn, ó fi í sí i. Píjò hó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí Dosu bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ègùn bá ẹ́ńjìnnì náà wí, Ràímì mọ̀ pé ọgbọ́n ti tán.

Láràárọ̀, kò dẹ́kun òróró pípa o. Ó tilẹ̀ fi kún un, bí ẹni ń fi pa ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Suwebat jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu.

"Bàbá Àmínátù, Sagbo ń gbé ẹja lọ Èkó láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí n bá a lọ."

"Nínú mọ́tò ẹja? Kí àna mi gbọ́?"

"Àna yín kọ́ ló lóyún."

Ràímì mú àkísà rẹ̀. Ó padà sídìí Píjò, ó tan án, ó sì ń fi àkísà nu iwájú radiétọ̀. Àkísà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jábọ́ sílẹ̀. Ó wò ó. Nígbà tí mọ́tò náà ṣì wà lọ́tun, fáànù inú rẹ̀ a máa fa àkísà mọ́ iwájú radiétọ̀ débi pé ńṣe lèèyàn ń já a gbà. Ó mú un, ó tún gbé e lé ibẹ̀. Ó tún jábọ́.

Ó fi èékánná ha radiétọ̀. Iyanrìn ni. Òróró tó ń fi pa á ti ń gba iyanrìn Ìwòrò mọ́ra láti ọjọ́ pípẹ́ wá, iná ẹ́ńjìnnì sì ti yan án gbẹ bí àkàrà òyìnbó. Gbogbo ihò wẹ́wẹ́ tó yẹ kí atẹ́gùn gbà kọjá ti dí pátápátá. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fún mọ́tò náà lọ́rùn.

Ó tú radiétọ̀ sílẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó fi ọṣẹ dúdú àti èèpo àgbọn fọ̀ ọ́, ó ń fi igi ìgbálẹ̀ yọ ihò kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn tó jáde níbẹ̀ tó fi kọ́lé alájà. Nígbà tó fi máa dè é padà, oòrùn ti ń wọ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó kírun mọ̀ǹgàrìbí tì í, ó tún jókòó tì í. Abẹ́rẹ́ tó ń fi ìgbóná ẹ́ńjìnnì hàn kò mira.

Ó sáré wọlé lọ sọ fún Suwebat. Suwebat gbọ́ ọ dópin.

"Ẹ ti wà á dé ibì kankan?"

"Rárá."

"Èmi ni ẹ wá fẹ́ fi dán an wò?"

Ràímì jáde, ó lọ bá Sagbo sọ̀rọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ràímì fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù Suwebat sínú mọ́tò Sagbo. Ó tẹ́ àǹkárá tuntun láti inú ìsọ̀ rẹ̀ sórí ìjókòó iwájú, kí òórùn ẹja má baà mú un. Suwebat rọra jókòó, ó di ikùn mú, kò wo Píjò lẹ́ẹ̀kan.

"Ràímì, má jìnnà sí wa," Sagbo ní. "Bí tìẹ bá hó, a ó fi okùn fà ọ́ mọ́ ẹja."

Ó fi Píjò tẹ̀ lé wọn. Ojú rẹ̀ ń lọ láti orí abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò ẹja, ó tún ń padà. Lójú títì márosẹ̀, àwọn èrò ń nawọ́ sí i nígbà tí wọ́n rí mọ́tò òfìfo, kò dúró. Bí Sagbo bá bọ́ sí kòtò, Ràímì a tẹ bíréèkì tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò gòkè títí wọ́n fi wọ Èkó. Píjò tutù minimini, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ṣófo.