Ọkàn Tí Kò Gba Inú Ẹ̀rọ

Ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn kọ òdo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kò sí aláìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ni wọ́n so mọ́ ọn, èyí tó ń ṣe ìgbì iná bí ìgbà tí ọkàn ènìyàn bá ń lù, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá àtúnṣe ti jẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni, níbi tí wọ́n ti ń tún irinṣẹ́ ilé ìwòsàn ṣe lọ́nà Chanchaga. Àbúrò mi obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Màmá wa wà ní wọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀ ló sì wà lórí tábìlì yìí. Láti ìjẹta ni àwọn nọ́ọ̀sì ti ń fi ìka wá ìlù ọkàn Màmá lọ́rùn ọwọ́. Mo lọ sójú fèrèsé, mo padà sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Ẹ ń gbọn tábìlì."

Ọ̀gá rẹ̀, bàbá kan láti Ìlọrin, ti mú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kó ẹ̀rọ tó ti kú lọ sílé ẹrù. "Haba, eléyìí ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n buwọ́ lù ú."

"Bàbá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó lè jẹ́ fáìlì mi ni."

Fáìlì lílù ọkàn tí àbúrò mi gbà sílẹ̀ ti tóbi ju àyè tó kù nínú ẹ̀rọ ìgbì lọ. Àmì kéékèèké ló kún inú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ bí iná ṣe ga tó. Kó lè wọlé, ó ti fi kọ̀ǹpútà yọ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọkàn ti ń ta ṣóńṣó sókè kì í pẹ́ rárá. Ó ti bá àwọn tó yọ lọ.

"Mo gé lílù dànù, mo fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀," ó wí.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "O bó ẹ̀pà, o gbé èèpo fún àlejò."

Ó tún un ṣe. Ó fi lílù ẹyọ kan sílẹ̀ lódindi, ó mú bíńtín nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó sì ní kí ẹ̀rọ ìgbì máa tún bíńtín yẹn ṣe títí àsìkò lílù mìíràn yóò fi tó. Fáìlì wọlé, àyè ṣì kù. Igbe dáwọ́ dúró. Lílù àádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan ló fi sí i. Àádọ́rin ni ẹ̀rọ kà.

"To, madalla, ó dára," ni Bàbá wí, ó ká fọ́ọ̀mù sápò.

Mo ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà.

"Ẹ rọra," ni Bàbá wí fún mi. "Ọkàn tó ń lù déédéé la fi dán an wò. Ti Màmá yín ńkọ́?"

Mo ká ọwọ́ mi kò. Ti Màmá kì í lù déédéé. Ohun tó gbé wọn dé wọ́ọ̀dù nìyẹn. Lílù ẹyọ kan tí a ń tún ṣe kò lè jọ ọ́.

Bàbá ní tó bá di àárọ̀ ọ̀la, wọn yóò kó àwọn fáìlì àtijọ́ inú ẹ̀rọ ìgbì sórí kọ̀ǹpútà, kí fáìlì ọkàn tó ń lù ségesège lè wọlé láìgé. Bí ẹ̀rọ bá kà á yanjú, yóò padà sí wọ́ọ̀dù kó tó di ọ̀sán. Títí dìgbà náà, ìka àwọn nọ́ọ̀sì ni.