Ìyá Erin Tó Padà Lójú Ogun

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò n'Íbàdàn fún ipò ọ̀gá ilé-ìwé, ọkọ̀ wa ti kọjá Èrúwà kí fóònù mi tó dún. Ìyá ọkọ mi ló ń pè láti Igbó-Ọrà.

"Ìyàwó, kò sí nǹkan kan o. Ṣáà máa bọ̀ nílé."

Ta ni wọ́n bí ní Ìbàràpá tí kò mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn? Bí a ti ń túfọ̀ nìyẹn. Ẹni tó ti kú, wọ́n á ní ara rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Mo lọgun kí awakọ̀ dúró, mo gun ọ̀kadà padà, mo sì sunkún délé.

Mo bá ọmọ mi lábẹ́ igi máńgòrò, orí igi náà ló ti já bọ́. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò wa ti fi ọparun di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọmọ náà sì ń fi ọwọ́ òsì jẹ máńgòrò.

"Ṣé mi ò sọ fún ọ pé kò sí nǹkan kan?" ni ìyá ọkọ mi wí.

Kí n má purọ́, inú bí mi sí ọmọ náà. Ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnikẹ́ni tó bá pè mí, ohun tí mò ń wí ni pé, "Ká ní mi ò padà ni!"

Olùkọ́ ìtàn ni mí. Lásìkò náà, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò ó wò, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní ìtàn: ọba Gíríìkì kan kó erin lọ ja Róòmù nígbà tí Róòmù kò tíì tó nǹkan. Ká ní ó ṣẹ́gun wọn pátápátá ńkọ́? Àwọn òpìtàn kan sọ pé ọ̀kọ̀ ló ba ọmọ erin kan lórí. Ó ké, ìyá rẹ̀ yí padà, ó ń tẹ àwọn ọmọ ogun ọba mọ́lẹ̀, bí Róòmù ṣe yè nìyẹn. Èmi náà kọ tèmi. Nínú tèmi, ìyá erin gbọ́ igbe ọmọ, kò bojú wẹ̀yìn. Ọba wọ Róòmù, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá fún un, ìlú náà kò sì di ńlá mọ́ láé. Ó dùn mọ́ mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Ọmọ mi rí ìwé náà lórí tábìlì. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó gbé e wá.

"Màámi, ta ló wá gbé ọmọ erin yẹn?"

"Kò sí nínú ìtàn."

Ó fi igi ìgbálẹ̀ họ abẹ́ ọparun ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé ẹ ń bínú sí mi pé ẹ padà ni?"

Ojú tì mí. Gbogbo ohun tí mò ń sọ lórí fóònù ló ti gbọ́. Mo fà á mọ́ra, mo ní bí wọ́n bá tún pè mí lọ́la, màá tún padà. Kò dà bíi pé ó gbà mí gbọ́. Ó ní kí n tún ìtàn náà kọ, òun á máa sọ, èmi á máa kọ.

"Ìyá erin padà. Ọba ní kí àwọn ọmọ ogun yà fún un lọ́nà. Ó gbé ọmọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀."

Ogun kì í yà fún ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo kọ ọ́. "Róòmù ńkọ́?"

"Ṣebí àwọn erin yòókù wà níbẹ̀. Wọ́n ṣẹ́gun."

"Ọba ńkọ́? Ṣé inú bí i sí ìyá erin?"

Ó wojú mi. "Ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Mo kọ ọ́ pé inú kò bí i. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó tó lọ jẹun.